Ẹ̀bẹ̀ Lórí Àtẹ́lẹwọ́ Méjì tó Gbẹ Mọ́ Ilẹ̀kùn Wa

Yàrá Keje, Àjà Kejì,
Ilé Aláwọ̀ Ewé,
Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Alákòóso Àgbà,
Ọ́fíìsì Ilé Gbígbé,
Òpópónà Kejì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

KÍ WỌ́N ṢÍ FÈRÈSÉ WA, KÍ WỌ́N SÌ FI ILẸ̀KÙN WA SÍLẸ̀

1. Èmi ni ìyàwó tuntun tó ń gbé Yàrá Keje pẹ̀lú ọkọ mi, télọ̀. A dúpẹ́ pé ẹ fún wa nílé. Mo tún ìwé yìí kọ ni, torí “ọkọ mi” ti pọ̀ jù nínú ti àkọ́kọ́.

2. Ẹ rán akunlé kó wá kun ògiri kí á tó kó dé. Ó kun ògiri. Ó kun súìṣì, ó ta ọ̀dà sílẹ̀ àti sórí tábìlì, ó sì kun fèrèsé pa mọ́ férémù rẹ̀. Ilẹ̀kùn ló kùn kẹ́yìn, ó bá tirẹ̀ lọ, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ṣì tutù.

3. Báyìí ni a dé láti ibi ìgbéyàwó. Ọkọ mi fi ọwọ́ kan gbé ẹrù, ó fi ìkejì ti ilẹ̀kùn. Mo bá a tì í, nítorí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèlérí níwájú èèyàn pé a ó máa ran ara wa lọ́wọ́ ni. Nígbà tí a rí ọ̀dà lọ́wọ́ wa, tí a sì rí àpá ọwọ́ wa lára ilẹ̀kùn, a rẹ́rìn-ín títí ẹrù fi bọ́.

4. Mo bẹ akunlé pé kó wá yọ èyí tó ta kiri. Ó ní, “Ìyàwó, ọ̀dà tó bá ti gbẹ ti di ọmọ ilé.” Mo bá fọwọ́ ara mi ṣe é. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ni mo fi rẹ ti ojú gíláàsì, kí n tó fi abẹ rọra ha á. Kẹrosíìnì ló yanjú ti ilẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló ní kí n fi òróró pa ti orí tábìlì, torí abẹ á bó igi lára. Ṣùgbọ́n fèrèsé ò ṣí. Ọkọ mi fà á títí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ fi já. Ooru yàrá náà kì í ṣe kékeré, Ọ̀gá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀bi akunlé.

5. Àná ni alámòójútó ilé, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kọ́kọ́rọ́, rí ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ewúrẹ́ pàápàá mọ ọ̀dà tútù. Wọ́n ní akunlé ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti fi irin ha àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dànù. Ẹ̀yin Ọ̀gá, a ò ní fọ́tò ìgbéyàwó kankan. Ayàwòrán wa gbàgbé láti ṣí ìdérí ojú kámẹ́rà. Ọwọ́ méjì yìí nìkan ló kù wá kù. Láràárọ̀, kí ọkọ mi tó lọ síṣẹ́, á gbé ọwọ́ lé àpá tirẹ̀, èmi náà á gbé tèmi.

6. Nítorí náà, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín: bí akunlé bá dé, kó gba ìdí fèrèsé lọ tààrà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ọ̀dà tó bá gbẹ ti di ọmọ ilé. Àwọn ọ̀dà tí mo lé jáde, àlejò ni wọ́n. Àwọn méjì yìí, ẹbí ni. Bí ẹ bá fẹ́ wá wò wọ́n, ẹ máa bọ̀. Ẹ sáà kan ilẹ̀kùn lápá òsì. Apá ọ̀tún ti ní èèyàn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ìwé ẹni tí inú rẹ̀ dùn.

Èmi ni tiyín, lẹ́yìn tí mo bá ti jẹ́ ti ọkọ mi tán,

Aya Télọ̀,
Ìyàwó Tuntun, Yàrá Keje.