Bíréèkì Orogún Mi

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá
Olówó orí mi jókòó sórí àpótí nínú gáréèjì, ọ̀pá ìtilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń pàṣẹ. Èmi ni mo wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí orúnkún ọ̀tún ẹ̀ ni Orogún mi ti wà lójú kan — ọkọ̀ eré-ìje pupa, alájòkòó méjì, ó dàgbà ju ìgbéyàwó wa lọ. Kò jẹ́ kí n wà á rí. Àbámẹ́ta yìí ló fẹ́ fi gbé mi lọ sétí òkun. Dókítà ní bí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ti lè tẹ bíréèkì dáadáa, kó máa wakọ̀.

Mo tú táyà iwájú. Dísìkì, irin pẹlẹbẹ tí bíréèkì ń fún mú, ti dípẹtà, páàdì tó ń fún un ti jẹ tán.

Ìṣẹ́gun, 7
Páàdì tuntun wọlé. Olówó orí mi ní, "Màmá, má fọwọ́ gírísì kan dísìkì o" — ẹ̀ẹ̀mẹfà. Èmi tí mo ti ń tú ẹ̀rọ ìránṣọ palẹ̀ láti ogójì ọdún.

Ọjọ́rú, 8
Ó ku ká yọ afẹ́fẹ́ inú páìpù òróró bíréèkì. Iṣẹ́ ẹni méjì. Òun tẹ bíréèkì, èmi tú nọ́ọ̀tì kékeré ẹ̀yìn dísìkì, òróró ti afẹ́fẹ́ jáde sínú ìgò. Inú ẹ̀ ń dùn bíi ti ọmọdé. Mo dé nọ́ọ̀tì pa, mo ní kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ yí dísìkì. Kò yí. Mo kà dé mẹ́rin — ó yí. Afẹ́fẹ́ ṣì kù níbẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 9
Ẹ̀ẹ̀mẹta la tún un ṣe. Agolo òróró tán. Ìfófòó kankan ò sí nínú ìgò mọ́, síbẹ̀ bí mo bá ti kà dé mẹ́rin, ó ń yí. Mo bú Orogún. Olówó orí mi ní bóyá rọ́bà inú ẹ̀ ló gbó.

Ẹtì, 10
Mo ní ká pààrọ̀ ipò. Èmi tẹ̀ ẹ́, òun ń yí i. Mo kà dé ogójì. Kò mì.

Ó gbọ́wọ́ lé dísìkì, kò wojú mi. Ó ní bíréèkì ò ṣe nǹkan kan, orúnkún òun ni. Ó ti mọ̀ láti Ọjọ́rú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tiẹ̀ ò tilẹ̀ rìn kọjá ọjọ́ méjì. Mo fẹ́ bínú — odidi agolo òróró — àánú ẹ̀ ò jẹ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, àti irọ́ ẹ̀ àti orúnkún ẹ̀.

Àbámẹ́ta, 11
Mo jí, mo bá kọ́kọ́rọ́ Orogún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì mi. Òun ti lọ jókòó sínú ọkọ̀, níbi tí èmi máa ń jókòó, ó ti de bẹ́líìtì.

Mo wà á. A rí òkun. Ó ń yìn mí ní gbogbo kọ́nà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ sì ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ lásán bí ẹni tó ń tẹ bíréèkì. Nígbà tó yá, bó bá ti tẹ tiẹ̀, èmi náà á tẹ tèmi.