Igi Kajú Yín Mọ́ Tónítóní

Mówè,
Oṣù Kejì, 2006.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ara mi le. Igi kajú tí ẹ fọwọ́ ara yín gbìn sì mọ́ tónítóní. Tàǹpẹ́pẹ́ orí igi bu alàgbà ìjọ wa jẹ nígbà tí wọ́n bẹ̀ mí wò. Ìwà àìlọ́wọ̀ gbáà ni! Mo ní kí a jó gbogbo ìtẹ́ wọn.

Láti ìgbà náà ni kòkòrò ti ń fa omi ọmọ kajú, tí àwọn ọmọ náà ń rọ, tí wọ́n ń já bọ́. Nurat aládùúgbò mi ní, "Bàbá Tíṣà, ọlọ́dẹ yín lẹ dáná sun yẹn!"

Mo gbé ìtẹ́ tàǹpẹ́pẹ́ mìíràn wá láti Asese. Wọn kò dúró.

Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti gbé agbọ̀n wá kó kajú lọ́dún yìí; ọ̀nà kò dára. Ẹ bá mi kí Táíyé.

Ọmọ yín,
Olúṣẹ́san.