Má Rán An Níṣẹ́ Mẹ́ta Lẹ́ẹ̀kan Náà

Ọmọ mi,

Mo ti lọ yẹ ojú mi wò nílé ìwòsàn. Ọmọ rẹ wà lọ́dọ̀ aránṣọ ìsàlẹ̀, ó ti jẹun. Má bá a wí nítorí ife tó fọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi.

Lẹ́yìn tí o jáde láàárọ̀, mo ní kó fọ ẹnu, kó tẹ́ ibùsùn, kó ká aṣọ tó fi sùn. Nígbà tí mo yọjú sí i, ó ń to bọ́tìnì mi ní àwọ̀ àwọ̀, búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ife omi lọ́wọ́. Mo jágbe mọ́ ọn, ó ta gìrì, ife bọ́. Ó bú sẹ́kún, ó ní, "Màmá àgbà, mo gbọ́ o! Gbogbo ẹ̀ ló sá kúrò lórí mi."

Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo bá ní kó fọ ẹnu nìkan. Ó parí ẹ̀, mo yìn ín, kí n tó dárúkọ ibùsùn. Kò pẹ́ tó fi ṣe gbogbo ẹ̀ tán. Ọ̀kan-ọ̀kan ni kó o máa rán an. Mo mọ̀, ìwọ àti dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀ ti sọ ọ́ fún mi tipẹ́, mo ní ẹ̀ ń kẹ́ ẹ bà jẹ́ ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Bó ṣe rí yìí gan-an nìwọ náà ṣe rí lọ́mọ ọdún méje. Mo nà ọ́, mo pè ọ́ ní olóríkunkun. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ lójú rẹ, ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Má bínú, ọmọ mi.

Ìyá rẹ