Àwo Tí Kì í Padà Lófìfo

Ojúlé Àlájà Wadha,
Ìdí Àtẹ̀gùn Gíga,
Salt, Jọ́dánì.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ṣáwáàlì, 1445.

Suhayr, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kuwait lọ́hùn-ún? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn? Ẹ kú ọdún o, ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀. Ara gbogbo wa le níhìn-ín, àfi orúnkún Màmá tó ń dùn ún, ìyẹn gan-an sì wà lára ohun tí mo fẹ́ rò fún ọ.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Rahaf, tí wọ́n dí ihò inú ọkàn tí wọ́n bí mọ́ ọn, la ti kó wá sọ́dọ̀ Màmá. O sì mọ Màmá. Kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ náà kan àtẹ̀gùn. Bí òun kò bá gbé e, bàbá rẹ̀ á gbé e. Bí bàbá rẹ̀ kò sí nílé, ẹni tó ń ta búrẹ́dì ládùúgbò á gbé e. Ọmọ ọdún méje ń lọ sókè sódò bí ìyàwó ọ̀ṣìngín! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu Màmá: "Rọra, Rahaf. Rọra."

Ṣáájú Ààwẹ̀, Dókítà Rula ní kó rìn lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo agbára ọkàn. Kò pẹ́ rárá tó fi nawọ́ sí mi pé kí n gbé òun. Dókítà ní ojú abẹ ti jinná, ìrìn ló kù, kó máa sáré, kó máa gun àtẹ̀gùn. Ó ní bí kò bá sàn jù báyìí lọ lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, àwọn á ní láti dá a dúró sílé ìwòsàn, kí àwọn ti okùn tín-ínrín gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ wo ọkàn náà. Suhayr, àyà mi já. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún gbé ọmọ mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ mọ́. Mo sọ fún Màmá, ó ní, "Dókítà tó ní kí ọmọ aláìsàn máa sáré, ṣé ó bímọ rí?"

Bí Ààwẹ̀ ṣe wọlé, Ìyá Shafiq tó ń gbé lókè àtẹ̀gùn gbé ọbẹ̀ lẹ́ńtílì ránṣẹ́ sí wa kó tó di ìṣínu. Ṣé Màmá á wá dá àwo padà lófìfo ni? Ó kó àkàrà kátáyẹ́fù olóyin kún un, Rahaf sì ní òun lòun máa gbé e lọ. Kátáyẹ́fù ni Màmá ń wò, kò rántí àtẹ̀gùn. Ìyá Shafiq ní ta ló sọ pé Àlájà máa borí òun? Ó bu ólífì àti wàràkàṣì sínú àwo kan náà, ó ní kí ọmọ gbé e padà. Bí ìjà àwo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ojoojúmọ́ sì ni. Èmi á dúró lójú fèrèsé, ètè Rahaf ni mo máa ń wò, bóyá á dúdú bíi ti ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń jókòó sinmi lójú ọ̀nà, ó ń jí ólífì jẹ. Nígbà tó yá, kò jókòó mọ́. Ìjà àwo ti gba Màmá lọ́kàn, mi ò sì rán an létí àtẹ̀gùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màmá gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀. "Ta ló ń sáré lórí àtẹ̀gùn?"

"Rahaf ni, Màmá."

"Yéè! Ẹ gbà mí o!" Ó sáré tẹ̀ lé e. Ìdajì ọ̀nà ló dé tó fi jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó di orúnkún mú. Rahaf gbé àwo kalẹ̀, ó padà wá bá a.

"Màmá Àgbà, ẹ rọra. Ṣé kí n gbé yín ni?"

Ìyá Shafiq yọjú látòkè: "Àlájà, ẹ kúkú gbà pé mo borí!"

"Láéláé!"

Láàárọ̀ òní la padà sílé ìwòsàn. Suhayr, Rahaf rìn lórí ẹ̀rọ yẹn títí Dókítà fi pa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ okùn mọ́. Dókítà bi mí pé kí ni mo ṣe, Màmá sì gbà á lẹ́nu mi: "Ìyá Shafiq ni. Obìnrin yẹn kò mọ ìgbà tó yẹ kó gbà pé mo borí." Mo jáde síta, mo sunkún ayọ̀ dáadáa.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Ààwẹ̀ ti parí, àmọ́ àwo Ìyá Shafiq tún wà nílé ìdáná wa báyìí. Màmá ti bu ìrẹsì kún un, Rahaf ti dé ẹnu ọ̀nà. Mo ń retí "Rọra" tí a mọ̀ mọ́ Màmá. Ohun tí mo gbọ́ ni, "Sáré, ọmọ mi, kó má baà tutù!"

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú rẹ̀ ń dùn,
Itidal, ìyá Rahaf.