Orí Ẹja Ìyàwó Mi ní Ìbafò

Olóòtú ètò, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ wa. Èmi ò mọ̀wé; mò ń sọ ọ́ ni, wọ́n ń bá mi kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ẹ ní ká sọ ibi tí a ti lè jẹun, ká sì mu bíà tútù lágbègbè wa. Ibi tèmi ni ìsọ̀ Ìyá Máyọ̀kún ní Ìbafò. Ẹja àrọ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àgbá. Èyí tẹ́ ẹ bá nawọ́ sí ni wọ́n máa fi se pẹpẹsúùpù fún yín.

Ìyàwó mi tó ti kú ló kọ́kọ́ mú mi débẹ̀. Òun ló ń mu bíà, èmi ń mu mọ́ọ̀tì. Orí ẹja ni tirẹ̀, kì í fún ẹnikẹ́ni jẹ. Látìgbà tí mo ti sin ín, mò ń lọ síbẹ̀ ní ọjọọjọ́ Jímọ̀, mò ń jẹ orí ẹja, mo sì ń mu bíà rẹ̀.

Ọmọ wa obìnrin ti di ìyàwó pásítọ̀ ní Mowé. Ó ní, “Bàbá, ẹ ń dójú ti Mọ́mì. Mọ́mì ò fẹnu kan ọtí rí.”

Mo ní, “Mọ́mì ta ni?”

Ó ní bí mo bá tún débẹ̀, òun ò ní mú àwọn ọmọ òun wá kí mi mọ́.

Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ náà o. Ṣùgbọ́n mi ò ní sin ìyàwó mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin olùgbọ́, nínú èmi àti ọmọ yìí, ta ló ń dójú tì í? Ẹ wá sọ ọ́ fún mi ní Jímọ̀. Ìrù ẹja ni kẹ́ ẹ bèèrè. Orí ti lẹ́ni tó ni ín.