Bàbá Lindsay Trevorrow, Tó Di Odidi Kọ̀ǹpútà Sínú Ẹrù Kan Ṣoṣo

Wọ́n bí Bàbá wa, Olóògbé Lindsay Trevorrow, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1947 ní ìlú Tarrawinna, Gúúsù Ọsirélíà, lọ́jọ́ tí oòrùn mú débi pé sísè ni adìyẹ ń yé ẹyin. Ọmọ Clarrie ni wọ́n, ẹni tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá wa kòtò bàbà. Ọmọ Elsie ni wọ́n, tí páì ẹran rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ajá gbé e, tó sì dá a padà.

Ọdún 1952 ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, nítorí wọ́n ti tú gbogbo agogo ilé ìwé palẹ̀, olùkọ́ kò sì mọ ìgbà tó yẹ kí ọmọ lọ sílé mọ́. Ní 1962, wọ́n di alátùn-únṣe tẹlifóònù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé Màmá wa, Glenys Hocking, tó ń so ìpè pọ̀. Ẹnu Màmá kì í sinmi: wọ́n lè bá èèyàn mẹ́ta sọ̀rọ̀ lórí okùn mẹ́ta kí tíì wọn má sì tutù. Ọdún 1971 ni wọ́n gbéyàwó. Bàbá máa ń sọ pé àwọn ò tíì rí àyè dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" tí pásítọ̀ bi àwọn.

Ní 1996 ni kọ̀ǹpútà wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ rántí, ẹ rántí: fèrèsé aláwọ̀ eérú lójú rẹ̀, bọ́tìnnì tó ń rì wọlé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tí ojú yín á sì rí i pé ó rì. Agogo oníyanrìn tó ní kí ẹ dúró á máa yí, ẹ ó se tíì, ẹ ó mu ún, ẹ ó ká aṣọ, agogo á ṣì máa yí. Bàbá fẹ́ràn kọ̀ǹpútà náà ju eré kíríkẹ́ẹ̀tì lọ. Olóòótọ́ ọmọ ìjọ ni wọ́n, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń bẹ Ọlọ́run: kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún ojú kọ̀ǹpútà àwọn ṣe.

Ní 2017, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá. Ahọ́n wọn wúwo, ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wọn yè, ọwọ́ náà sì mọ ibi tí gbogbo bọ́tìnnì wà láìwò. Orí kọ̀ǹpútà ni Màmá ti ń sọ̀rọ̀ látìgbà náà: wọ́n á tẹ̀ ẹ́, a ó kà á, a ó gba èébú wa.

Ní oṣù kìíní 2019, kọ̀ǹpútà náà rú èéfín, ó kú. Rohan ọmọ wọn ra tuntun. Ojú rẹ̀ tẹ́jú bí àwo, bọ́tìnnì ò jọ bọ́tìnnì mọ́. Màmá wá ibi ìkọ̀wé fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n sì ká ọwọ́ wọn lé itan. Ọjọ́ mọ́kànlá, kò sí ọ̀rọ̀. Ilé dákẹ́ débi pé a ń gbọ́ ìrònú àwọn àgùntàn.

Bàbá búra pé irú rẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Oṣù méje ni wọ́n fi di ojú àtijọ́ náà, ibi ìkọ̀wé Màmá, àti gbogbo ohun tó nílò, sínú ẹrù kan lórí fílàṣì, igi kékeré tí à ń tì bọ kọ̀ǹpútà. Ẹ kì í dà á sínú ikùn ẹ̀rọ. Ẹ kàn ń tẹ̀ ẹ́, yóò là, bí àlejò tó gbé abọ́, omi àti bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ wá, tí kò sì ní fi èérún kankan sílẹ̀ fún yín bó bá ń lọ. Ibikíbi tí kọ̀ǹpútà bá wà, Màmá á lè sọ̀rọ̀.

Wọ́n gbé e lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n tì í bọ ẹ̀rọ Des Pascoe, alága ẹgbẹ́. Ojú àtijọ́ yọ, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀, ṣùgbọ́n dípò ọ̀rọ̀, àpótí kéékèèké ló ń jáde, ọ̀wọ́ọ̀wọ́.

"Lindsay, kí lo dì síbẹ̀?" ni Des bèèrè. "Bíríkì?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ nílé mi!"

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ká máa gbé ilé ẹ tẹ̀lé fílàṣì ni?"

Bàbá gbàgbé láti di àwòrán lẹ́tà, tí ẹ̀rọ fi ń ya ọ̀rọ̀ sójú, mọ́ ọn. Ó ti wà lórí ẹ̀rọ tiwọn tipẹ́, ojú wọn ò sì rí i pé kò sí nínú ẹrù. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Màmá ṣì ń tẹ àpótí, wọ́n ń wo ojú wa, wọ́n ń retí èsì. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ kejì ni Bàbá ti ń kan ilẹ̀kùn kiri láti dán an wò: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní kọ̀ǹpútà yín, ìṣẹ́jú kan ni." Ilé alápatà, ilé oníṣègùn ẹran, oko àlìkámà. Ìyá Nankivell, aládùúgbò wa, rí wọn lókèèrè, wọ́n sá pamọ́ sẹ́yìn àga. Bàbá bá wọn sọ̀rọ̀ látojú fèrèsé: "Mo rí ẹsẹ̀ yín o!" Ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń rí ohun kan tí wọ́n gbàgbé. Nígbà tó di ilé kẹtàlélọ́gbọ̀n, kò ku nǹkan kan.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, ẹ̀dọ̀fóró Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí kọṣẹ́, a gbé wọn lọ sí ọsibítù ní ìlú Adelaide. Wọ́n bo ẹnu wọn pẹ̀lú ohun ìmí. Pásítọ̀ Ailsa ti ìjọ wa yá Màmá ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀, tí kò tíì rí fílàṣì wa rí. Màmá fọwọ́ ara wọn ti fílàṣì bọ̀ ọ́. Fèrèsé eérú yọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n yí i sójú Bàbá:

"Lindsay, dókítà ní kí o má sọ̀rọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo máa sọ̀rọ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀rọ ọsibítù ké. Ọjọ́ mẹ́rin ni Màmá fi ròyìn ìlú fún wọn, láìfo ilé kan ní Tarrawinna. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ìròyìn kan ṣì wà lágbedeméjì, Bàbá mí ìmí ìkẹyìn. Màmá rí i. Wọ́n parí gbólóhùn náà, wọ́n yí i sójú Bàbá, kí wọ́n tó pe nọ́ọ̀sì.

Bàbá fi ìyàwó sáyé lọ, Glenys, àwọn ọmọ, Rohan àti Bronwyn, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti fílàṣì mọ́kànlélógójì tí a kò mọ ohun tó wà nínú wọn.

Ẹ máa sùn ní tiyín, Bàbá, ọmọ Clarrie. Kí erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ yìí fúyẹ́ lórí yín. Ẹ má ṣàníyàn nítorí Màmá. Ọ̀rọ̀ wọn ò tíì tán.