Ẹ̀dọ̀ Tí Mo Fẹ́ Bù fún Àǹtí Motún

Ẹ̀yìn Gáréèjì,
Òrè,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Fẹ́mi, àwé mi,

Èmi náà ni! Ẹni tó sọ fún ọ ò parọ́. Nínú gbogbo wa tá a jọ sá kúrò nílé ìwé, ta ni wọ́n fẹ́ la inú rẹ̀ l'Ékòó, kí wọ́n bu ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíì? Èmi Gbádéyan nìkan! Ìwọ ńkọ́, ṣé ara le? Bàbá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Kòkó yín ní Omifunfun ńkọ́, ṣé òjò ò bà á jẹ́? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ó ṣì ń pè mí ní aláriwo?

Dókítà tó fẹ́ ṣe é, Dókítà Olúbùsọ́lá, ọmọ Agbábù ni. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń pariwo ọ̀dà títì tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí wa, Dókítà yìí nìkan ni nǹkan gidi tí mo rí tó tibẹ̀ jáde. Wọ́n kọ́ṣẹ́ dókítà tán, wọ́n tún lọ sí Íńdíà lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀dọ̀ lára ẹni tó wà láàyè, kí wọ́n rán an mọ́ ẹlòmíì. Àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n fi ń dúró ti iṣẹ́ abẹ kan. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ tí wọ́n bá gé máa ń hù padà. Mo ní, "Bí ìrù ọmọńlé?" Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Bí ìrù ọmọńlé, ìwọ ẹlẹ́nu yìí."

Àǹtí Motún ni mo fẹ́ bù ú fún. O mọ̀ wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́ mi nígbà tí Màmá kú, tó ń ta paraga lẹ́nu gáréèjì. Ẹ̀dọ̀ wọn ti bàjẹ́. Ojú wọn pọ́n bíi gààrì elépo, ikùn wọn wú. Bí wọn ò bá rí ẹ̀dọ̀ míì, wọn ò ní pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tèmi ló bá tiwọn mu. Fẹ́mi, mo fọ́nnu! Mo ní káwọn dírẹ́bà máa pè mí ní Baba Ẹ̀dọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Dókítà fi ẹ̀rọ wo inú mi dáadáa. Wọ́n wò ó títí, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Gbádéyan, ẹ̀dọ̀ tìẹ náà ti ń le. Tí mo bá gé e, ẹ̀yin méjèèjì ni mo máa pa. Kì í ṣe kí n ṣáà gé niṣẹ́ mi." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n gé e bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní rárá. Kò sẹ́lòmíì nínú ẹbí tí tiẹ̀ bá ti Àǹtí mu. Ẹ̀dọ̀ mi ti di àgbàdo inú ìgò fún Àǹtí.

Àǹtí ò tíì mọ̀. Láàárọ̀ yìí wọ́n tún pè mí, wọ́n ní, "Ẹ̀dọ̀ mi, ọjọ́ wo là ń lọ?" Mo ní ó kù díẹ̀.

Bá mi kí Bàbá àti ìyàwó wa. Má sọ èyí tó kù yìí fún wọn.

Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Dókítà, níbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n bi mí pé, "Ṣé o máa ń mutí?" Mo lu àyà: "Ọtí kẹ̀? Ẹ bi gbogbo Òrè!" Fẹ́mi, mi ò mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Ta ló ń pe paraga lọ́tí níbí? Àgbo ni. Pé ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́, kò wá sí mi lọ́kàn. Ife kan ni Àǹtí ń bù fún mi láràárọ̀, ọjọ́ ti pẹ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé èmi ni màá fún wọn lẹ́dọ̀, wọ́n ní kí Hafeezah tó ń bá wọn tajà sọ ọ́ di méjì, kí ẹ̀dọ̀ náà lè lágbára. Mo ń gbé e mu.

Nígbà tí mo wá dárúkọ paraga lọ́sẹ̀ tó kọjá, Dókítà ní ká ní mo ti sọ lọ́jọ́ yẹn ni, àwọn ì bá ti ní kí n ṣíwọ́, ẹ̀dọ̀ náà ì bá ti bọ̀ sípò. Ní báyìí, kó tó bọ̀ sípò, Àǹtí ò ní sí mọ́.

Tìẹ ni mí síbẹ̀,
Gbádéyan.